Bọ́ǹsì Sínámọ́nì Nínú Ooru Ìbàdàn

Gbogbo ìlànà bọ́ǹsì sínámọ́nì tí mo bá kà ló ní gbólóhùn kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: kí á gbé ìyẹ̀fun, ìyẹn fúláwà tí a ti pò, síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó lè wú. Ní Ìbàdàn, nínú oṣù kẹta ọdún, ibo ni kò lọ́ wọ́ọ́rọ́? Orí tábìlì gbóná, inú kọ́bọ́ọ̀dù gbóná. Omi inú táǹkì tó wà lókè ilé, bó bá ti di ọ̀sán, èèyàn lè fi wẹ ọmọ jòjòló láì gbé e kaná. Ẹni tó kọ ìlànà yẹn ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Igun tí ooru wà ló ń wá kiri. Èmi, igun tí ooru kò tíì dé ni mò ń wá. Ọ̀rọ̀ ooru yìí ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, òun àti ọ̀rọ̀ omi.

Kì í ṣe bọ́ǹsì tí wọ́n ń dín nínú òróró ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n ń tò sínú àpótí onígíláàsì lẹ́bàá ọ̀nà, tó máa ń la ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ràn ìyẹn náà, ṣùgbọ́n inú ófùn ni wọ́n ti ń yan eléyìí. Fúláwà tí a fi mílíìkì, ẹyin, ṣúgà, bọ́tà àti yíìsì pò ni. A óò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a óò fi bọ́tà pa á lójú, a óò bu ṣúgà pupa àti sínámọ́nì lé e, a óò ká a, a óò gé e, a óò sì yan án títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n.

Àwọn ará Sweden kà á sí tiwọn. Kanelbulle ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti ya ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún láti ọdún 1999. Tiwọn kéré, kì í dùn jù, wọ́n máa ń lọ káádámọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, wọ́n á sì wọ́n ṣúgà oníhóró sójú rẹ̀. Ní London, bọ́ǹsì Chelsea ti wà láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Èso gbígbẹ ni wọ́n ń ká sínú tiwọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ràbàtà, tí wọ́n da áísìn funfun bò ó lórí. Cinnabon, tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé báyìí, bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington lọ́dún 1985, nínú ilé ìtajà ńlá kan, níbi tí kò sẹ́ni tó lè kọjá kí òórùn rẹ̀ má bá a nímú. Nínú gbogbo wọn, ti Amẹ́ríkà ló rọ̀ jù, ṣùgbọ́n lẹ́nu tèmi adùn rẹ̀ ti ń sún mọ́ ìjìyà. Kí ó rọ̀ bíi ti Amẹ́ríkà, kí ṣúgà rẹ̀ mọ níwọ̀n bíi ti Sweden, èyí ni mo fẹ́.

Báwo ló ṣe ń rọ̀ wá? Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́ta, ọ̀kan á ní bọ́tà ni, èkejì á ní ṣúgà ni, ẹ̀kẹta á dárúkọ ohun lẹ́búlẹ́bú kan tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà nínú ọ̀rá, tí wọ́n ń bù sí i. Gbogbo rẹ̀ ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ni bàbá ìsàlẹ̀. Búrẹ́dì tó rọ̀ ni búrẹ́dì tí omi ṣì kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti bá a jà tán. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fúláwà tútù kì í lè gba omi púpọ̀ mọ́ra. Bí mílíìkì bá ti pọ̀ jù, ìyẹ̀fun á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, mọ́ tábìlì, mọ́ gbogbo ohun tó bá fara kàn. Ẹni tó ń pò ó á wá máa wọ́n fúláwà sí i, á tún wọ́n sí i, títí omi tó fẹ́ kó wà níbẹ̀ kò fi ní já mọ́ nǹkan kan mọ́. Bí búrẹ́dì inú ilé ṣe ń le nìyẹn. Ìbẹ̀rù ìyẹ̀fun tó ń lẹ̀ ló ń sọ ọ́ di òkúta.

Àwọn ará Japan àti àwọn ará China ti rí ọ̀nà gbé e gbà: wọ́n máa ń kọ́kọ́ se díẹ̀ nínú fúláwà náà. Àwọn ará Japan ń da omi híhó lé tiwọn, yudane ni wọ́n ń pè é. Èyí tí mò ń lò ni ti àwọn ará China, tangzhong, tí wọ́n ń rò lórí iná. Nínú ìdajì kílò fúláwà, màá yọ gíráàmù 25 sọ́tọ̀, màá fi mílíìkì gíráàmù 125 pò ó, ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ gẹ́lẹ́, màá gbé e ka iná kékeré, màá sì máa rò ó. Fún ìgbà díẹ̀, kò ní dà bíi pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ooru rẹ̀ bá wá dé nǹkan bíi 65°C, á ki lójijì, ojú ọ̀nà tí ṣíbí gbà kọjá á sì máa hàn nídìí ìkòkò.

Ìdí rẹ̀ ni ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò wa ti wọlé bá mi. Wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n wo ojú mi.

"Ṣé fúláwà lo fẹ́ fi ro ẹ̀kọ ni?"

"Rárá o, Màmá. Búrẹ́dì ni."

"Búrẹ́dì kẹ̀? Ẹ̀kọ lò ń rò yìí, ọmọ mi."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá ti fi omi tútù po ògì rí mọ̀ pé kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń pínyà: funfun á lọ sísàlẹ̀, omidùn á wà lókè. Inú igbá kan náà ni wọ́n wà, wọn kò bára wọn ṣe. Ṣùgbọ́n kí èèyàn da omi tó ń hó lé e, kó máa rò ó, wéré ló máa dì, a ò sì ní rí omi kankan lókè mọ́. Omi náà kò fò lọ. Inú hóró sítáàṣì ló wọ̀ sí. Àwọn hóró náà mu ún, wọ́n wú, wọ́n bẹ́, wọ́n sì há a mọ́nú. Fúláwà ní sítáàṣì bí ògì ṣe ní in, nǹkan kan náà ló sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò kékeré mi. Tí ẹ̀kọ fúláwà yìí bá tutù, tí a pò ó mọ́ ìyókù, omi inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìyẹ̀fun lẹ̀ púpọ̀, nítorí pé a ti tì í mọ́lé. Ófùn náà kò ní lè lé gbogbo rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kejì, bí a bá fi ìka tẹ bọ́ǹsì náà, á ṣì wọlé, á tún padà sókè.

Màmá ò gbà pé búrẹ́dì á jáde níbẹ̀ títí tí mo fi gbé e sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ohun tí wọ́n bi mí ni pé kí ló dé tí mi ò fi ògì gidi ṣe é. Mi ò tíì gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé iṣẹ́ tí fúláwà gíráàmù 25 yẹn ń ṣe kò ju kó gbé omi dání lọ.

Ìyókù nìyí, fún bọ́ǹsì méjìlá: fúláwà gíráàmù 475, mílíìkì gíráàmù 180, ẹyin kan, ṣúgà gíráàmù 70, bọ́tà gíráàmù 75, iyọ̀ gíráàmù 8, yíìsì gíráàmù 5. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí síkéèlì, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé kọ́ńgò àti ife la bá nílé, mo sì mọ̀ pé àwọn ìyá wa kì í wọn nǹkan kan tí àkàrà wọn fi ń dùn. Ojú wọn ló ń bá wọn wọ̀n ọ́n, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi kọ́ ojú náà. Ẹni tó ń ṣe bọ́ǹsì fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ife fúláwà kan tí a kì mọ́lẹ̀ lè fi gíráàmù 30 ju èyí tí a bù fẹ́rẹ́ lọ, bí ẹ bá sì bu ife mẹ́rin, ìṣirò ti dàrú.

Nípa fúláwà fúnra rẹ̀: ti búrẹ́dì ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti kéèkì. Àlìkámà ni, ọkọ̀ òkun ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá sórílẹ̀-èdè yìí. Ọdún 1962 ni Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí lọ̀ ọ́ ní Àpápá. Lọ́dún 1987, ìjọba ológun Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Àwọn tó ti gbọ́njú nígbà yẹn ò tíì gbàgbé bí búrẹ́dì ṣe gbówó lórí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa lú fúláwà ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn tún dé, tó lọ, tó tún padà dé. Mi ò lòdì sí ẹ̀gẹ́ nínú búrẹ́dì, ṣùgbọ́n fún bọ́ǹsì yìí, bí mo bá gbọ́ pé ẹ̀gẹ́ wà nínú àpò kan, òmíràn ni màá rà. Èròjà méjì wà nínú àlìkámà tó jẹ́ pé bí omi bá kàn wọ́n, tí ọwọ́ pò wọ́n, wọ́n á so kọ́ra, wọ́n á di ohun tó ń fà, tí wọ́n ń pè ní gúlútẹ̀nì. Òun ló ń mú afẹ́fẹ́ tí yíìsì bá tú sílẹ̀, tí ìyẹ̀fun fi ń wú. Ẹ̀gẹ́ kò ní in. Àgbàdo kò ní in.

Bọ́tà kì í fẹ́ kí gúlútẹ̀nì tètè so, ó máa ń bò ó lára. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pò gbogbo nǹkan yòókù, ẹ fi sílẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú kí fúláwà mu omi rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí fi bọ́tà rírọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Níbi tí bọ́tà ti ń wọlé yìí, á dà bíi pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Á máa yọ̀, á máa já. Ẹ má dá a dúró, ẹ má sì wọ́n fúláwà kankan sí i. Tí ẹ bá fi ọwọ́ pò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á jọ̀lọ̀. Ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ìka méjèèjì nà án títí á fi fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá nà tí kò ya, ó ti tó. Bó bá ya, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó bá fi búrẹ́dì Agége dàgbà, bíi tèmi, á mọ̀ pé rírọ̀ ju oríṣi kan lọ. Búrẹ́dì Agége rọ̀, ṣùgbọ́n ó ki, ó wúwo lọ́wọ́, bí a bá fà á, á máa bọ́ ní fọ́nrán gígùn, ìdí nìyí tó fi lè ru ẹ̀wà aganyin láì tú ká. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Amos Shackleford, ọmọ Jamáíkà tó wá sí Èkó lọ́dún 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, tó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta lọ́dún 1921. Òun ni wọ́n ní ó mú ẹ̀rọ onírin méjì tí ń yí wá, èyí tí wọ́n ń ti ìyẹ̀fun bọ̀ láàrin, léraléra, tó ń tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi jáde tán, tí ìyẹ̀fun á sì máa dán. Ibẹ̀ ni kíki búrẹ́dì yẹn ti wá. Tiwa lónìí yàtọ̀ sí i pátápátá: a fẹ́ kí afẹ́fẹ́ jókòó. Nítorí náà ni ọwọ́ fi tó, tí kò fi sídìí fún ẹ̀rọ.

(Kí n má gbàgbé: àwọn oníbúrẹ́dì kan máa ń fi bíròméètì sí ìyẹ̀fun kó lè wú gẹngẹ. NAFDAC ti fòfin dè é, nítorí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi fẹ́ràn búrẹ́dì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè sọ pé òun nìkan ni. Òórùn ilé lọ́jọ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.)

Ó wá kan ooru. Yíìsì inú páálí, ìran kan náà ni pẹ̀lú èyí tó ń hó nínú ẹmu; Saccharomyces cerevisiae ni àwọn onímọ̀ ń pe méjèèjì. Gbogbo wa la mọ ìwà ẹmu: èyí tí wọ́n gbé sọ̀ láàárọ̀ dùn, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti kan, bí oòrùn bá sì mú lọ́jọ́ náà, kò tiẹ̀ ní dúró de ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wo aago fún un. Ẹlẹ́mu á tọ́ ọ wò, á gbọ́ bó ṣe ń hó, á mọ ibi tó dé. Ìwà kan náà ni yíìsì ń hù nínú ìyẹ̀fun. Bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá lé sí i, iṣẹ́ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó kọ "wákàtí kan àtààbọ̀" sínú ìlànà, ilé ìdáná rẹ̀ lè máà ju 21°C lọ. Tèmi máa ń tó 32°C bí ó bá di ọ̀sán, láàárín ìṣẹ́jú 45 sì ni ìyẹ̀fun ti fi ìlọ́po méjì tóbi. Ẹni tó bá dúró de aago ará ibòmíràn, ọtí ni yóò bá nínú abọ́.

Kì í ṣe òórùn ọtí nìkan ni ìparun rẹ̀. Bọ́tà máa ń yọ́ láti nǹkan bíi 32°C lọ sókè. Bí ìyẹ̀fun bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, bọ́tà á máa jò jáde lára rẹ̀, ohun tó yẹ kó wà nínú bọ́ǹsì á wá wà nídìí agbada. Gúlútẹ̀nì tí yíìsì ti fẹ̀ kọjá agbára rẹ̀ á já, afẹ́fẹ́ á sá, bọ́ǹsì á jáde nínú ófùn ní gbígbẹ, pẹ̀lú ihò ńláńlá. Àwọn tó ń sọ pé ìlànà kan kò dára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú ọjọ́ ni kò bá a mu.

Nítorí náà, ohun tí mò ń ṣe yàtọ̀ sí tàwọn olùkọ́ wa orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí á gbé mílíìkì kaná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi á mú un tútù nini láti inú fíríìjì, ẹyin náà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tó ń pò ó àti afẹ́fẹ́ ilé á mú un gbóná láìbẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ kí ìyẹ̀fun tí mo bá pò tán wà láàrin 24 sí 27°C. Wọ́n ní yíìsì gíráàmù 7; èmi, gíráàmù 5 ni mò ń lò. Mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kí oòrùn tó wọlé. Bí mo bá fẹ́ kí ìyẹ̀fun sùn mọ́jú, èyí tó máa ń jẹ́ kí ó dùn ju èyí tó yára wú lọ, fíríìjì ló yẹ kó lọ, ṣùgbọ́n iná ò ṣeé fọkàn tán. Kúlà ni mò ń lò. Màá to omi ọ̀rá dídì yí abọ́ ká nínú rẹ̀, màá pa ọmọrí rẹ̀ dé, ó di àárọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan kúlà fún ayẹyẹ ìgbéyàwó kò mọ̀ pé oníbọ́ǹsì náà ló ń bá ṣiṣẹ́.

Nígbà ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ tún yí padà. Òwúrọ̀ tutù, afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, ojú ìyẹ̀fun á máa di èèpo bí a ò bá bò ó. Aṣọ tútù la fi ń bò ó, kì í ṣe gbígbẹ. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, fúláwà inú àpò ti fa omi sára láti inú afẹ́fẹ́, ẹ má da gbogbo mílíìkì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìka díwọ̀n rẹ̀ ní gbogbo ìgbà: ẹ tẹ ìyẹ̀fun tó ti wú. Bí ojú ibẹ̀ bá fò padà kíá, kò tíì tó. Bó bá rọra ń padà, ó tó. Bí kò bá padà mọ́, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Sínámọ́nì ní ìtàn tirẹ̀. Èèpo igi ni. Àwọn tó ń ka Bíbélì ti bá a pàdé nínú Ẹ́kísódù orí 30, níbi tí ó ti wà lára òróró ìyàsímímọ́ tí wọ́n ní kí Mósè pò. Oríṣi méjì ló ń dé ọjà. Ti Sri Lanka fẹ́lẹ́, ìpele ìpele ni wọ́n ká a sínú ara wọn, ọwọ́ lè fọ́ ọ, òórùn rẹ̀ sì tutù. Kásíà, tó ń ti China, Indonesia àti Vietnam wá, nípọn, ó le, ó sì ń ta lẹ́nu. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ agolo tí à ń rà, bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀. Fún bọ́ǹsì, kásíà ni mo fẹ́. Ti Sri Lanka máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn ṣúgà àti bọ́tà. Kásíà kì í sá fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní èròjà kan o, kúmárìnì, tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí èèyàn bá ń jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ lójoojúmọ́. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2008 fi ààlà sí i: mílígíráàmù 50 nínú kílò kan oúnjẹ yíyan ti ìbílẹ̀ tàbí ti àjọ̀dún tí wọ́n kọ sínámọ́nì sára rẹ̀, 15 péré nínú àwọn yíyan dídùn yòókù. Lọ́dún 2013, ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Denmark, nítorí pé àwọn oníbúrẹ́dì ibẹ̀ rí i pé òfin fẹ́ wọ inú bọ́ǹsì wọn. Ẹni tó ń jẹ bọ́ǹsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní kí àyà rẹ̀ já. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni àwọn tó ń bu ṣíbí kásíà sínú omi gbígbóná láràárọ̀ nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé ó ń fa ikùn wọlé.

Sínámọ́nì kì í bá yíìsì rẹ́. Ohun tó ń mú un ta sánsán ni kì í jẹ́ kí yíìsì ṣiṣẹ́ dáadáa bó bá pọ̀. Ẹ má pò ó mọ́ ìyẹ̀fun. Ẹ ká a sínú. Gíráàmù 15 mọ́ ṣúgà pupa gíráàmù 120, àti bọ́tà gíráàmù 80 tó rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò yọ́. Ẹ bu ṣíbí fúláwà kan sí ṣúgà náà, kò ní jẹ́ kó ṣàn jáde tó bá gbóná. Ẹ fún iyọ̀ kékeré kan sí i pẹ̀lú.

Títẹ́ àti kíká kò ní wàhálà. Gígé ni kí ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún. Ọ̀bẹ máa ń tẹ ìyẹ̀fun rírọ̀ pa ni. Òwú ìránṣọ ni kí ẹ mú, ẹ tì í bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn lókè, ẹ fà á. Ẹ tò wọ́n sínú agbada, kí wọ́n súnmọ́ra ṣùgbọ́n kí wọ́n má kan ara wọn. Bí wọ́n bá wú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ kanra, ẹ̀gbẹ́ tó kan ẹ̀gbẹ́ kì í le. Kí n tó gbé e sínú ófùn, mo máa ń da mílíìkì agolo díẹ̀ yí wọn ká. Ó jẹ́ àṣà àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀rá wàrà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n mílíìkì agolo ò dójú tì mí rí.

180°C, nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 sí 25. Bí ẹ bá ní ohun ìwọn-ooru, ẹ fi gún àárín: 90°C, ó ti jiná. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lé e lórí lè gba gbogbo omi tí a ti ń ṣọ́ láti àárọ̀. Ófùn onígáàsì tí iná rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nìkan máa ń jó ìdí kí orí tó pọ́n. Ẹ gbé agbada òfìfo sí ìpele ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé ti bọ́ǹsì sókè. Ẹni tí kò ní ófùn lè ṣe bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe kéèkì: yanrìn gbígbẹ nínú ìkòkò ńlá, agbada lókè rẹ̀, ọmọrí tó dé pinpin, iná nísàlẹ̀, èédú lórí ọmọrí. Bọ́ǹsì inú ìkòkò kì í pọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ooru omi tó há sínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kó rọ̀ ju ti ófùn mi lọ nígbà míì, mo sì ń jowú rẹ̀.

Áísìn? Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú, ṣíbí mílíìkì mélòó kan, bọ́tà díẹ̀, iyọ̀ tí ìka méjì lè mú. Kò sídìí fún wàràkàṣì òyìnbó olówó gọbọi yẹn. Bàbá mi kì í tilẹ̀ fẹ́ áísìn rárá. Òórùn sínámọ́nì gan-an, wọ́n ní ó ń rán àwọn létí oògùn, pé kí ni búrẹ́dì ń ṣe tó fi ń rùn bí ilé ìwòsàn. Wọ́n á jẹ méjì pẹ̀lú tíì, wọ́n á tún béèrè bóyá ó ku èyí tí mi ò fi oògùn sí.

Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ má gbé e sínú fíríìjì. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn lórí èyí, pàápàá nínú ilé tèmi. Ẹ rántí ẹ̀kọ Màmá: gbígbóná rẹ̀ ń ṣàn, ṣùgbọ́n bó bá tutù nínú ewé, á dì, á dúró, á ṣeé gé. Sítáàṣì tó ti bẹ́ ló ń tún ara rẹ̀ tò, tó sì ń le. Òun kan náà ló ń sọ búrẹ́dì di líle, ooru inú fíríìjì, nǹkan bíi 4°C, sì ni ibi tó ti ń yára jù. Ẹ dì í sínú ọ̀rá lórí tábìlì fún ọjọ́ méjì. Bó bá máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e sínú fírísà kó dì gbagidi, nítorí níbẹ̀ sítáàṣì ò lè rìn mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ gbé e sórí ooru omi bí ẹ ṣe ń gbé mọ́ínmọ́ín gbóná, á padà rọ̀, nítorí ooru máa ń tú ohun tí òtútù dì. Èyí tó bá ti gbẹ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gé e ní pẹlẹbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú ẹyin àti mílíìkì, ẹ fi bọ́tà dín in. Ìyẹn ni bàbá mi fẹ́ràn jù.